Hánà Etí Ọ̀sà

Ẹjọ́ mi lo gbé lọ sí Akoka, Sabina. Èmi Beatrice Bámilóyè, èmi Ìyá Ìjọ, èmi tí mo di ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì mú nígbà tí o ń rọbí, tí mo fi ọwọ́ ara mi gé ìwọ́ ọmọ náà, èmi lo lọ sọ fún obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ Yunifásítì ní òfin pé mo jí ọmọ gbé. Ajọ́mọgbé. O mọ ohun tí wọ́n ń fi ajọ́mọgbé ṣe ní Bàrígà, o ṣáà ń gbé ibẹ̀. Táyà ni wọ́n ń fi kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n á da bẹntiróòlù sí i, àwọn ọmọdé á dúró máa wòran. Ohun tí o fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn, àbí kí ni? Mo ju ìyá tó bí ọ lọ́mọ lọ lọ́jọ́ orí, o fẹ́ kí wọ́n wi mí bí àgbò iléyá nítorí pé mo ṣe ọ́ lóore.

Jókòó. Mo ní kí o jókòó, má dúró lé mi lórí bí ọlọ́pàá. Mo mọ̀ pé o ti wà ní páálọ̀ ẹ̀yìn yìí láti àárọ̀, wọ́n ní wọ́n gbé búrẹ́dì àti ẹ̀wà wá fún ọ, o kò fọwọ́ kàn án. Àdúrà ni mo ń gbà lókè. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, èèyàn kì í sọ̀kalẹ̀ wá bá a láìgbàdúrà. Ọmọ wà lókè náà, ara rẹ̀ le, wọ́n ń wẹ̀ fún un lọ́wọ́. Àbí o kò fẹ́ kí wọ́n wẹ̀ fún ọmọ? Nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ, inú bàsíà tí o fi ń fọ ẹja lo ti ń wẹ̀ fún un, mo fojú mi rí i, ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Omi ẹ̀rọ ló fi ń wẹ̀ níbí. Jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á fà á lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ wá bá ọ.

Ó ti sú mi, bí o ṣe ń jókòó sórí pákó gọ́tà níwájú géètì mi. Òjò pa ọ́, oòrùn pa ọ́, o kò kúrò. Gbogbo ẹni tó bá wọlé, o máa tẹjú mọ́ ọn. Gbogbo ọkọ̀ tó bá jáde, o máa fi imú kan gíláàsì rẹ̀ bí ajá. Àwọn aládùúgbò ti ń bi mí pé ọmọ ta ni mo gbà. Èmi, ní Ṣómólú yìí, tí wọ́n ń fi orúkọ mi júwe ilé fún àlejò. Bí wọ́n bá bọ́ọ́lẹ̀ ní Fádèyí, wọ́n á ní kí wọ́n béèrè ilé Ìyá Ìjọ, ilé àwọn ọmọ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ilé tí obìnrin kan ń sunkún níwájú rẹ̀. O ti sọ ilé mi di ilé òkú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n mú ọ wọlé láàárọ̀ yìí, kí a jókòó bí ìyá àti ọmọ, kí a parí rẹ̀.

Kí ni o gbé dání yẹn? Edé. O gbé edé wá bẹ̀ mí. Gbé e sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Kì í ṣe pé mo gbà á o, mo kàn ní kí o gbé e sílẹ̀, kó má baà rùn mọ́ àga.

Ó dára. Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè, kí o dá mi lóhùn níwájú Ẹlẹ́dàá rẹ. Nígbà tí ọmọ rẹ èkíní kú, ọ̀dọ̀ ta lo sáré wá? Nígbà tí èkejì kú, tí o ń yí lórí iyanrìn ilẹ̀ àánú ṣọ́ọ̀ṣì wa títí aṣọ funfun rẹ fi di aṣọ amọ̀kòkò, ta ló gbé ọ dìde? Mo ní, Sabina, Ọlọ́run kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ, bí o bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ náà yọ̀ǹda nǹkan. Mo ka Ìwé Sámúẹ́lì fún ọ nítorí pé o kò kàwé. Hánà sunkún, Hánà kò jẹun, Hánà jẹ́ ẹ̀jẹ́. Èmi kàn kà á ni. Ìwọ lo dìde, ìwọ lo kúnlẹ̀, ìwọ lo la ẹnu rẹ níwájú pẹpẹ tí gbogbo ìjọ ń gbọ́, o ní, "Bí èyí bá yè, Olúwa, tìrẹ ni, mi ò ní gbà á padà lọ́wọ́ rẹ." Ṣé mo fi ọwọ́ la ẹnu rẹ ni? Ó sì yè. A sọ ọ́ ní Olúwafimíhàn. Ó sanra bí ọmọ olówó. Ọlọ́run ṣe tirẹ̀.

O ní gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́. O ní kò sí ìyá tó bímọ ní ìjọ wa tí kì í jẹ́ ẹ̀jẹ́ Hánà, pé wọ́n á gbé ọmọ fún àlùfáà, àlùfáà á gbé e sókè, ìyá á fi agbọ̀n èso àti àbẹ́là rà á padà, á pọn ọmọ rẹ̀, á lọ sílé lọ jẹ ìrẹsì. Àṣà ni, o ní. Ta lò ń kọ́? Èmi ni mo ń to àwọn agbọ̀n yẹn sórí pẹpẹ, èmi náà ni mo ń pín èso wọn. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ pé Ọlọ́run bá wa fọwọ́ sí i? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ la fi ń tan Ọlọ́run jẹ láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà tí àwọn ológun wà lórí ìjọba, ta ló máa wá láti òkè òkun wá bá wa? Wọ́n lọ, òṣèlú dé, àwọn ọmọ Ọlọ́run láti Amẹ́ríkà tún ń bọ̀, a dá Ilé Sámúẹ́lì sílẹ̀ nínú ilé yìí fún àwọn ọmọ, wọ́n ní ṣé àwọn ọmọ wà tí a ti fi fún Olúwa? Mo ní wọ́n wà. Kí ni kí n sọ, kí n ní eré la ń ṣe? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san ẹ̀jẹ́ ní tòótọ́.

O fẹ́ bi mí ìdí tí ó fi jẹ́ ìwọ. Bi mí. Ṣé kí n lọ gba ọmọ ìyàwó sájẹ̀ǹtì ni? Kí n lọ gba ti tíṣà tó ń kọ́ ìjọ lórin? Àwọn wọ̀nyẹn á ní kí n wo ojú àwọn dáadáa. Ìwọ ni ọmọ rẹ rẹwà jù, ìwọ ni ẹni rẹ kò sì pọ̀. Mi ò fi bò fún ọ.

Mo ní kí o gbé e wá nígbà tí o gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, bí Hánà ti ṣe. Ta ló gbé e wá? Ẹ̀yìn rẹ ló wà. O ti fi òróró pa á lára, o wọ bàtà fún un, o ní kí n jọ̀ọ́ kí n má jẹ́ kó fi ọwọ́ sẹ́nu. O rò pé jẹ́lé-ó-sinmi ni, pé wàá wá mú un nírọ̀lẹ́. Nírọ̀lẹ́ o dé, o bá géètì ní títì, ni o bá fi ariwo bọnu. Àrà kí lèyí? Ṣé Hánà padà wá mú Sámúẹ́lì nírọ̀lẹ́?

Bóyá wàá tiẹ̀ ti gbà, ká ní kì í ṣe Rọ̀kíbátù. Rọ̀kíbátù tí ẹ jọ ń yan ẹja, tí ó ń kírun pẹ̀lú èéfín lójú. Gbogbo ohun tó kọ́ ọ ni wọ́n wá sọ fún mi. Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, bí èèyàn bá búra tí ìbúra náà sì wúwo jù fún un, kó fún tálákà mẹ́wàá lóúnjẹ, ó tú nìyẹn, Ọlọ́run á dárí jì í. Ìwọ náà gbọ́, o gbé ìkòkò kaná, o se ìrẹsì, o kó àwọn alágbe Fádèyí jọ, afọ́jú, arọ, gbogbo wọn, o bu fún wọn, wọ́n jẹ, wọ́n gbàdúrà fún ọ ní èdè Hausa. Ni o bá wá kan géètì mi pẹ̀lú ọbẹ̀ lọ́wọ́, o ní o ti tú ẹ̀jẹ́, kí n gbé ọmọ jáde. Sabina. Sabina. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn títí omi fi bọ́ lójú mi. O jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, o lọ tú u ní mọ́ṣáláṣí. Ọlọ́run wo lo fẹ́ kó gba ìrẹsì yẹn? Èyí tó fún ọ lọ́mọ kò jẹ nínú rẹ̀ o.

Má sunkún sí mi lára. Mu omi. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, o tún wá fi Bíbélì mi gbá mi létí. Ìwọ tí n kò rí kí o mú Bíbélì dání rí, àfi láti fi í sábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ. O dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn gan-an. O ní, "Màmá, Hánà ń rán ẹ̀wù kékeré lọ fún Sámúẹ́lì lọ́dọọdún. Ó ń fojú rí i. Ibo lèmi máa gbé ẹ̀wù tèmi gbà?" Obìnrin Akoka ló kà á fún ọ, kì í ṣe ìwọ. Mo la ẹnu kí n dá ọ lóhùn, ọ̀rọ̀ kò yọ. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wàásù, kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ọ̀rọ̀ kò yọ, níwájú àwọn ọmọ tó ń gbálẹ̀ fún mi. Wọ́n wò mí. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ dojú kọ ògiri, mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń rín. Kí o pè mí ní ajọ́mọgbé, mo lè gbé e mì. Ti ọjọ́ yẹn ni mi ò lè dárí rẹ̀ jì ọ́.

Ṣùgbọ́n mo ti rí ìdáhùn. Mo lọ kà á dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn Sámúẹ́lì, Hánà tún bí ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin méjì. Obìnrin Akoka ò ka ìyẹn fún ọ? Nítorí pé Hánà jọ̀wọ́ èyí àkọ́kọ́, kò lọ jókòó sórí gọ́tà Élì àlùfáà. Ìwọ ńkọ́? Láti ìgbà tí o ti ń bá Ọlọ́run du ọmọ kan ṣoṣo, kí ló tún dúró sí inú rẹ? Wo ikùn rẹ. Ó tẹ́ pẹlẹbẹ bí àtẹ. O rò pé èèṣì ni?

Ká wá má tiì mẹ́nu ba ọjọ́ tí àlejò dé. Tọkọtaya rìn láti Amẹ́ríkà, wọn kò bímọ rí, wọ́n jókòó sí páálọ̀ iwájú, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ ìyàwó, ó ń jẹ bisikíìtì, à ń kọrin jẹ́jẹ́. Ni o já wọlé. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì kò lè dá ọ dúró. Aṣọ tí o fi ń yan ẹja lo wọ̀, òórùn rẹ ti dé kí o tó dé. Ọmọ sọ bisikíìtì nù, ó na ọwọ́. O lu àyà rẹ, o ní, "Èmi ni mo bí i." Ìyàwó wo ojú mi, ó ní kí lo wí.

Kí ni kí n sọ? Ìwọ gan-an, ká ní ìwọ ni èmi. Mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ìyá ọmọ ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, wọ́n sì ti tẹrí ba bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn òkú. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n tẹrí ba. Mo wá ní, ó ń sọ pé ọmọ òun ni, nítorí pé ní ilẹ̀ tiwa, gbogbo obìnrin àdúgbò ni ìyá gbogbo ọmọ. Ṣé irọ́ ni? Ṣé a kì í pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọmọ mi? Ìyàwó bú sẹ́kún, ó ní irú ìfẹ́ yìí kò sí nílùú àwọn mọ́. Ìwọ náà bá kúnlẹ̀, o di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ̀bẹ̀ lò ń bẹ̀, òun rò pé o ń dúpẹ́. Ó bọ́ ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀, ó fi kọ́ ọ lọ́rùn, ó gbá ọ mọ́ra pẹ̀lú òórùn yẹn. Ọkọ rẹ̀ ya yín ní fọ́tò. Mo há ẹ̀rín mọ́nú títí ìhà fi ń dùn mí.

Kí ló dé tí o fi ń wò mí báyìí? Àbí o rò pé wọ́n gbọ́ ohun tí o sọ ni? O rò pé ẹ̀gbà yẹn, ìlérí ni, pé wọ́n ti gbà láti fi ọmọ sílẹ̀ fún ọ? Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí o fi jẹ́ kí a sìn ọ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó mà ṣe o. Mo rò pé o mọ̀. Mo tiẹ̀ ń sọ fún ara mi pé ọmọ yìí ti gbọ́n, ó ti gba ẹ̀gbà, ó ti gba kámú.

Ṣùgbọ́n àyà mi já lọ́jọ́ náà, mi ò purọ́. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru, dókítà ní mi ò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀ mọ́. Oúnjẹ tí kò níyọ̀ ni mò ń jẹ nítorí tìrẹ. Ta ló wá jẹ ta níyà nínú èmi àti ìwọ?

Ó ti wẹ̀ tán. Ó ń jẹun báyìí ni. O ò gbọ́ ohùn rẹ̀ torí pé ọmọ tí oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Jókòó.

Ìwọ ro ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó lórí lọ́rùn. Bí ó bá dúró lọ́dọ̀ rẹ, kí ló máa dà? Á gbọ́n omi nínú ọkọ̀ ojú omi. Á mọ àwọ̀n tún ṣe. Bó bá gbọ́n jù, á di ẹni tó ń gbowó ọkọ̀ ní Bàrígà pẹ̀lú ojú pípọ́n. Ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ yẹn, yàrá tiẹ̀ nìkan ti wà nílẹ̀, wọ́n kun ún ní àwọ̀ ojú ọ̀run, wọ́n ya ẹja sí ara ògiri nítorí mo sọ fún wọn pé ọmọ omi ni. Ìwọ náà ro ìyẹn wò. Àwọn tó ya ẹja sára ògiri, kí ni wọ́n fi ṣe búburú?

Kì í ṣe ìwọ nìkan ni ọmọ rẹ lọ. Èmi náà, Ẹwàolúwa ọmọ mi wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ló gbà á sílé, wọ́n ṣe ìwé rẹ̀, ó ń wa mọ́tò báyìí. Ó ń pè mí ní gbogbo Sátidé. Ṣé o rí kí n yí nílẹ̀? Ṣé mo lọ jókòó sórí gọ́tà ẹnì kan? Mo mọ̀ pé ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ kì í dàgbà lójú ìyá rẹ̀. Ọ̀kan náà ni.

Ọkọ rẹ ní làákàyè jù ọ́ lọ. Nígbà tí mo pe Bọ́dúndé, orí àga tí o wà yìí ló jókòó sí, ó ká fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Mo ní, Bọ́dúndé Ikúmápàyí, orúkọ bàbá rẹ gan-an, àdúrà ni. Ẹ bẹ ikú pé kó má pa èyí. Ikú gbọ́. Ṣé kí ìyàwó rẹ wá lọ gba ohun tí ẹ fi bẹ̀ ẹ́ padà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọkùnrin tó ń bá ìgbì jà, ó ń lọ́ fìlà níwájú mi. Ó ní, "Màmá, bí ọmọ bá lọ, ṣé yóò yè?" Mo ní yóò yè. Ó ní, "Bí ó bá dúró ńkọ́?" Mo kàn wò ó, mo tún ṣí Bíbélì mi sí ibòmíràn. Ó ti tó o. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀.

Nítorí náà sọ ọ́ kí n gbọ́. Èwo lo fẹ́ gan-an? Kó wà láàyè níbi tí o kò ti lè rí i, àbí kí o máa rí i títí di ọjọ́ tí wàá bá wọn gbẹ́ ilẹ̀ fún un? Méjì ti wà nínú iyanrìn etí ọ̀sà. O mọ ibi tí wọ́n wà. Ká ní mo gbé e fún ọ báyìí, kí o pọ̀n ọ́n lọ sílé. Bí ara rẹ̀ bá gbóná díẹ̀, ta ni wàá rántí? Bó bá wú ikọ́, ohùn ta ni wàá gbọ́? Orúkọ mi ni wàá máa pè títí ilẹ̀ á fi mọ́. O kò ní lè sùn. Wàá máa na ìka sí imú rẹ̀ bóyá ó ń mí. Àṣejù ni kí ìyá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ kó wá máa bínú sí ẹni tó gbọ́ ohun tó sọ. Mo fi Ọlọ́run búra, èmi ni mo yẹ kí n máa sunkún níbí. Mo gbà ọ́ lọ́wọ́ ikú ọmọ, o pè mí ní ajọ́mọgbé. Mo bá ọ wá òbí fún ọmọ, o pè mí ní ajọ́mọgbé. Lọ́la ni obìnrin Akoka ní òun ń gbé ìwé kóòtù bọ̀. Ó ránṣẹ́ sí mi, kò tiẹ̀ kí mi, ó kàn ní kí n má gbé ọmọ kúrò lójú kan. Ọmọdé ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe àgbà.

Níbo lò ń lọ? Sabina. Fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀. Mo ní ó ń jẹun. Bí o bá yọ sí i báyìí, oúnjẹ á há a lọ́fun, ìwọ lo pa á nìyẹn.

Dúró, fóònù mi ń dún.

Hẹ́lò. Ẹ̀n. Sọ̀rọ̀ sókè. Ṣé wọ́n ti wọlé pátápátá? Wọ́n ti kọjá ibi tí ẹ ò lè bá wọn dé? Ọlọ́run ṣeun. Wọn ò bi ọ́ ní nǹkan kan? Ó dára. Ó sunkún? Kò sunkún. Ó ti sùn. Orí èjìká ìyàwó òyìnbó ló sùn sí. O ṣe é dáadáa, o ṣe é bí ọkùnrin. Gbé ẹnu rẹ dákẹ́, ṣé ìwọ ló bí i ju ìyá rẹ̀ lọ ni? Ó wà níbí. Ó wà níwájú mi. Máa bọ̀ nílé. Ó dàbọ̀, Bọ́dúndé.

Ọkọ rẹ ni.

Hẹ̀ẹ́. Hẹ̀ẹ́. Jọ̀ọ́, má bínú, kì í ṣe ìwọ ni mò ń rín, ara ló tù mí. Láti ìgbà tí o ti fẹsẹ̀ wọ ẹ̀yìn ilé, tí wọ́n ń bu ẹ̀wà fún ọ, ni tọkọtaya yẹn ti mú ọmọ gba géètì iwájú jáde, kò sí ẹnikẹ́ni lórí gọ́tà. Bàbá rẹ̀ ló gbé e lọ́wọ́, nítorí ọmọ náà kò ní dákẹ́ fún ẹlòmíràn. Ó sọ fún un pé wọ́n ń lọ wo ọkọ̀ tó ń fò, ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́ sí gbogbo ẹni tó rí. Obìnrin Akoka, jẹ́ kó wá lọ́la. A máa fún un ní mínírà tútù.

Gbọ́, kí n tó gbàgbé. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ìdílé mìíràn ń bọ̀ láti òkè òkun. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ìyá kan tó fi ọmọ fún Olúwa tí inú rẹ̀ sì dùn. Mo ti dárúkọ rẹ. Wẹ̀ kí o tó wá, wọ aṣọ funfun, kí o sì jókòó níwájú. Tọkọtaya tó gbé ọmọ rẹ lọ ní àwọn á máa fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́dọọdún, ọwọ́ mi ló máa gbà wá. Bí o bá ṣe ṣe sí mi ni mo máa ṣe sí ọ. Ohun tí wàá sọ fún wọn kò já mọ́ nǹkan, sọ ohun tó bá wù ọ́. Èmi náà ni mo máa túmọ̀ rẹ̀.

Ó yá, gòkè lọ. Láti àárọ̀ lo ti fẹ́ gòkè, ta ló dá ọ dúró? Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Tí o bá ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, bá mi mú àwo tí ọmọ fi jẹun àárọ̀ dání.